Le, Gan, Yi: Ẹ̀kọ́ Ipá àti Gígan Ohun Èlò Láti Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbègbè Òrè àti Òdìgbó

Ìfáárà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ tó so Ṣàgámù pọ̀ mọ́ Bìní kọjá ní ìlú Òrè kò lè ṣàì rí ọkọ̀ agbégẹdú. Òrè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Olúwa kò jìnnà sí i, níbi tí ìjọba ti gbin igi Gmelina lọ rẹrẹẹrẹ. Oko rọ́bà sì wà ní Àràròmí-Obù, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Ọmọ tó bá dàgbà ní irú agbègbè yìí, ì báà jẹ́ ní Omifunfun tàbí ní Òdìgbó fúnra rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ igi tó ń tẹ̀ yàtọ̀ sí igi tó ń kán, kí ó tó mọ ìwé kà. Síbẹ̀, nígbà tí olùkọ́ físíìsì bá dé orí ẹ̀kọ́ ipá àti bí ohun èlò ṣe ń kọ̀ fún un, ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí kò kàn án ni.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé kò sí ohun èlò ìṣàyẹ̀wò ní ilé ẹ̀kọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Pákó wẹ́wẹ́ tí àwọn alágẹdú ń kó dànù, túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó àti omi inú ọ̀rá tó láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dé ìpele ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí tẹnu mọ́ ni ìdajì kejì ìṣòro náà, èyí tó jẹ́ ti àwọn onímọ̀ èdè: ọ̀rọ̀ orúkọ tí a sáré tú sí Yorùbá ti bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ya ìyàtọ̀ náà sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, ibi tí ó yẹ kí a ti lọ ṣa èdè-ìperí ẹ̀kọ́ yìí ni ìdí àyẹ̀wò aláfọwọ́ṣe, kì í ṣe orí tábìlì atúmọ̀ èdè nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin

Bí a bá bi ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa pé báwo ni irin ṣe rí, yóò dáhùn pé irin le. Bí a bá bi í nípa òkúta, òkúta náà le. Ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ le, ìṣirò le, ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà ti le, okùn tí a fà ṣinṣin le. Ní Òrè gan-an, ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ní ìtàn tirẹ̀: láti inú ìjà tó wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dá ọmọ ogun Bìáfírà tó dorí kọ ọ̀nà Èkó dúró, ni àwọn ènìyàn ti fa gbólóhùn náà yọ pé ó le kú, ìjà Òrè. Ọ̀rọ̀ tó lè ru gbogbo ẹrù wọ̀nyí lágbára nínú ọ̀rọ̀ sísọ ojoojúmọ́. Nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ó léwu.

Ìdí ni pé ànímọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni onímọ̀ ohun èlò ń yà sọ́tọ̀ níbi tí "le" ti kó gbogbo wọn pọ̀. Èkíní ni bí ojú ohun kan ṣe ń kọ̀ fún ohun mìíràn láti họ ọ́ tàbí láti wọ inú rẹ̀. Èkejì ni bí ó ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀ tàbí láti nà nígbà tí ipá bá kàn án. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n ipá tó lè gbà kí ó tó bàjẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n agbára tó lè gbà sínú kí ó tó já sí méjì. Ànímọ́ wọ̀nyí kì í rìn pọ̀ ní dandan. Gíláàsì ojú fèrèsé kọ̀ láti tẹ̀ tó bí álúmínì ṣe kọ̀. Gígan àwọn méjèèjì wà ní nǹkan bíi 70 gígápasíkà. Ojú gíláàsì tilẹ̀ ṣòro họ ju ti álúmínì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì. Rọ́bà ní tirẹ̀ kò kọ̀ láti nà rárá, síbẹ̀ òòlù kò lè fọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún pé gíláàsì le, irin le, rọ́bà kò le, ti gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta tó jẹ́ òtítọ́, kò sì tíì mọ nǹkan kan.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún wọn. Ara òkú a máa gan. Ọwọ́ ẹni tí otútù mú a máa gan. Kì í ṣe pé ọwọ́ náà di òkúta. Ohun tí a ń sọ ni pé ó kọ̀ láti ká. Gan ni ọ̀rọ̀ tó bá ànímọ́ kejì mu régí, gígan sì ni orúkọ tó yẹ ẹ́. Ẹran àgbàlagbà màlúù a máa yi: eyín wọ inú rẹ̀, ó ń nà, kò sì já. Yi ni ànímọ́ kẹrin, yíyi ni orúkọ rẹ̀. A lè fi líle sílẹ̀ fún ànímọ́ kìíní, kí okun jẹ́ ti ẹ̀kẹta. Lójú ẹni tó ń kọ́ni, ìpín yìí sàn ju kí a máa so àpọ́nlé gígùn mọ́ líle nídìí nígbà gbogbo, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ gan àti yi láti ilé ìdáná àti láti ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn.

Irú wàhálà kan náà bá ipá. Agbára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ohun tó ń ti nǹkan, ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú bátìrì, àti ohun tó wà lọ́wọ́ ọba. Ó dára kí a ya ipá sọ́tọ̀ fún títì àti fífà. Ènìyàn lè ní agbára kí ó jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ pé a fi ipá ṣe nǹkan, ohun kan ti kan ohun mìíràn lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ipá rí nínú físíìsì: kò sí ipá tí kì í ṣe láàrin ohun méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìka tẹ pákó wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀ yóò rí i pé orí ìka òun náà funfun, nítorí pé pákó ń ti ìka padà ní ìwọ̀n kan náà tí ìka fi ń tì í.

Afárá pákó àti omi inú ọ̀rá

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ni ti afárá. A ó gbé àga méjì síwájú ara wọn, kí àlàfo 80 sẹ̀ǹtímítà wà láàrin, a ó sì na pákó wẹ́wẹ́ kan lé e lórí. Omi inú ọ̀rá ni òṣùwọ̀n ipá. Ọ̀rá kan tí wọ́n bá rọ 50 sẹ̀ǹtílítà omi sí wúwo tó ìdajì kílò, èyí tó túmọ̀ sí pé ipá tí ilẹ̀ fi ń fà á tó nǹkan bíi newton 5. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òrè tí kò ní rí omi yìí rà nítòsí, ó sì dára púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n bí olùkọ́ bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìwọ̀n, nítorí pé ọ̀rá tó ń jò kò ní wúwo tó èkejì rẹ̀. A ó so ó mọ́ àárín pákó, a ó sì fi rúlà tó wà lóròó ka bí àárín náà ṣe wọlẹ̀ tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó so omi kankan mọ́ ọn, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ iye tó rò pé pákó yóò wọlẹ̀ sí inú ìwé rẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn olùkọ́ máa ń fò, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí pé ẹni tí kò sọ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí nǹkan yà á lẹ́nu.

Ká sọ pé pákó ìrókò ni, tó fẹ̀ ní 2.5 sẹ̀ǹtímítà, tó sì nípọn ní 6 mìlímítà. Gígan ìrókò wà ní nǹkan bíi 10 gígápasíkà. Ìṣirò fi hàn pé ọ̀rá omi kan yóò mú kí àárín rẹ̀ wọlẹ̀ ní nǹkan bíi 1.2 sẹ̀ǹtímítà, méjì yóò mú un wọlẹ̀ ní 2.4, mẹ́ta ní 3.6. Ìbáṣepọ̀ tó tọ́ tààrà yìí ni Robert Hooke kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1676, ó kọ́kọ́ fi í pamọ́ sínú àkójọ lẹ́tà tí a dà rú, kí ẹlòmíràn má baà sọ pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Ní 1678 ni ó tó tú u sílẹ̀. Ohun tí ó fi ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ kò jù sípíríǹgì, wáyà àti òṣùwọ̀n lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Omifunfun tó ní pákó, okùn àti omi inú ọ̀rá lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọ̀sán kan.

Ìyàlẹ́nu gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá sún àwọn àga mọ́ra. Bí àlàfo bá di 40 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á retí pé ìwọlẹ̀ yóò dínkù sí ìdajì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá omi kan náà kò ní mú un wọlẹ̀ ju 1.5 mìlímítà lọ, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìlọ́po mẹ́ta gígùn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí nínípọn, ṣùgbọ́n ní ìdàkejì. Pákó tó nípọn ní ìlọ́po méjì gan ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí a bá wá yí pákó 6 mìlímítà yẹn dúró lórí etí rẹ̀, tí ọwọ́ méjì dì í mú kí ó má ṣubú, tí a sì dá àlàfo 80 sẹ̀ǹtímítà padà, ìwọlẹ̀ rẹ̀ kò ní tó mìlímítà kan. Igi náà kò yí padà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀ ni ó yí padà. Gbogbo káfíńtà tó ń kan òrùlé mọ èyí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé igi òrùlé dúró lórí etí tóóró rẹ̀. Ìṣirò ni kò bá iṣẹ́ wọn dé inú ìwé.

Igi tó rí róbótó tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka tó bá nípọn ní ìlọ́po méjì gan ní ìlọ́po 16. Àwọn àgbà tó sọ pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bó bá dàgbà tán apá kì í ká a, kò sọ̀rọ̀ nípa ìlọ́po mẹ́rin, ọmọ títọ́ ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀ òwe náà kò ṣi ìwà igi náà mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tó pààrọ̀ igi. Arère, tó fúyẹ́ tí ọmọdé lè gbé, ní gígan tó tó nǹkan bíi 6 sí 7 gígápasíkà, nítorí náà pákó rẹ̀ tó bá ti ìrókò dọ́gba ní gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn yóò wọlẹ̀ ní nǹkan bíi 1.8 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ ọ̀rá omi kan. Àwọn igi abìlù tó wúwo débi pé wọ́n ń rì sínú omi a máa gan jù ìrókò lọ dáadáa. Láti ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa rò pé ohun tó wúwo ni ó ń gan. Kí olùkọ́ wá gbé ọparun jáde. Ọparun fúyẹ́, inú rẹ̀ ṣófo, ó sì gan ju ọ̀pọ̀ gẹdú tó wúwo jù ú lọ, nítorí pé okun inú èèpo rẹ̀ lágbára àti nítorí pé ohun tó wà ní ìta, tó jìnnà sí àárín, ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù nígbà tí nǹkan bá ń tẹ̀. Àárín kò ṣe nǹkan púpọ̀. Bí ó bá ṣófo, kò sí àdánù ńlá.

Ìyàtọ̀ tí Thomas Young là yé àwọn olùgbọ́ rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1807 nìyí: gígan tó jẹ́ ti ohun èlò fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí gígan tó jẹ́ ti ìrísí. Pákó arère tó nípọn lè gan ju pákó ìrókò tó tẹ́lẹ́ lọ, síbẹ̀ ìrókò ni ó gan ju arère. Gbólóhùn yìí kò tako ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ láìṣe àyẹ̀wò á rò pé ó tako ara rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà fún agbègbè igbó kìjikìji. Pákó tútù kò gan tó pákó gbígbẹ. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ìdí ẹ̀rọ ìlagi, tí omi ara rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iye tó yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá mú iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá láti ara igi kan náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí pákó sùn sí mọ́jú kí ó tó bèèrè ẹni tó ṣì í kà.

Rọ́bà kì í ṣe sípíríǹgì

Oko rọ́bà Àràròmí-Obù mú kí rọ́bà jẹ́ ohun tí agbègbè yìí mọ̀ dunjú. Ṣáájú kí igi rọ́bà ilẹ̀ Bùràsíìlì tó gbilẹ̀, igi ìrẹ́ ni àwọn Yorùbá ń dá lẹ́jẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tó jáde láti Èkó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ, wọ́n sì dá igi náà débi pé púpọ̀ nínú wọn kú láàrin ọdún díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajé nìyẹn. Ti físíìsì ni pé rọ́bà kọ̀ láti tẹ̀lé Hooke, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó kọ̀.

A ó gé okùn tóóró láti ara túùbù kẹ̀kẹ́, a ó so ó kọ́, a ó sì máa fi omi díẹ̀díẹ̀ kún ike tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń nà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ó bá yá, ìwọ̀n omi kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ nà án mọ́. Rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ìlà tó wà lórí gíráàfù kò tọ́, ó tẹ̀ bí ejò. Bí a bá wá ń dín omi kù, ìlà ìpadàbọ̀ kò gba ojú ọ̀nà ìlọ. Agbára kan ti sọnù láàrin ìlọ àti àbọ̀, ó ti di ooru. Ẹni tó bá ṣiyèméjì lè fa rọ́bà kan yọ lójijì kí ó fi kan ètè rẹ̀: yóò gbóná díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí ó sún padà lójijì, yóò tutù. John Gough, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ríran, ni ó kọ èyí sílẹ̀ ní 1805, ètè náà ni ó sì fi mọ̀ ọ́n.

Níbí ni ohun kan wà tí ó yẹ kí a sọ láìfi bò. Ó wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há òfin Hooke sórí rí àmì rẹ̀ lórí gíráàfù bí ejò, kí ó sì fi rúlà la ìlà tó tọ́ gba àárín wọn kọjá, nítorí ó rò pé ìlà tó tọ́ ni máàkì wà. Lọ́jọ́ náà, ohun tó kọ́ ni pé ojú òun ń purọ́, ìwé ni kò lè ṣì sọ. Àyẹ̀wò aláfọwọ́ṣe tó bá parí báyìí burú ju kí a má ṣe àyẹ̀wò rárá. Olùkọ́ tó fẹ́ kí iṣẹ́ yìí ní ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ fún ìlà tó wọ́ ní máàkì kíkún, kí ó sì bèèrè ìdí tó fi wọ́.

Já, kán, fọ́, rọ́

Apá tó kan onímọ̀ èdè jù lọ ni ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Èdè tó ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo fún ìbàjẹ́ lè sọ pé okùn, igi àti àwo ṣe ohun kan náà. Yorùbá kò gbà. Okùn ní í já. Igi ní í kán tàbí kí ó ṣẹ́. Àwo àti gíláàsì ní í fọ́. Aṣọ ní í ya. Gẹdú tí àáké bá wọ̀ ní ojú okun rẹ̀ ní í là. Bí ènìyàn bá sọ pé gíláàsì já, ọmọdé á rẹ́rìn-ín. Ìpín yìí kì í ṣe ti gírámà lásán. Ìwà ohun èlò lábẹ́ ipá ni ó tẹ̀lé: ohun tí a ń fà láti orí dé ìdí, tí kò lè dúró fúnra rẹ̀, ni ó ń já, ohun gígùn tó gan, tí ipá sì tẹ̀, ni ó ń kán, ohun tó gan tí kò yi, tí ìlà ìbàjẹ́ sì sáré káàkiri inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ó ń fọ́. Ẹni tó bá fetí sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi omi kún afárá rẹ̀ títí tí yóò fi wó, yóò gbọ́ ìpín àwọn ohun èlò láti ẹnu wọn kí olùkọ́ tó ya à lójú pátákó.

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì mìíràn tún ṣe kókó. Tẹ̀ àti rọ́. Pákó tó tẹ̀ lábẹ́ omi lè nà tọ́ nígbà tí a bá gbé omi kúrò. Kọ́ọ̀bù páànù tó já bọ́ sílẹ̀ tó sì rọ́ kò ní padà sí bí ó ṣe wà. Láàrin tẹ̀ àti rọ́ ni ààlà tí onímọ̀ ohun èlò ń wá wà: ìwọ̀n ipá tó jẹ́ pé, bí a bá kọjá rẹ̀, ohun náà kò ní rántí ìrísí rẹ̀ mọ́. Òwe tó ní ọsán já, ọrun dọ̀pá, wà ní ìhà ti tẹ̀. Ọrun tí ọsán rẹ̀ já di ọ̀pá nítorí pé ó nà tọ́ padà. Bí ó bá ti rọ́ ni, ìbá ṣì tẹ̀ kọrọdọ láìsí ọsán. Ọdẹ tó gbẹ́ ọrun náà ti yan igi tó gan tó láti ta ọfà, tó sì yi tó láti má kán. Ó ti ṣe àṣàyàn láàrin ànímọ́ méjì tí "le" kò lè yà.

Dùndún náà ń kọ́ni ní ohun kan. Bí onílù bá fún ọsán ìlù mọ́ra, awọ á le, ohùn á sì ròkè. Bí ó bá tú u, awọ á dẹ̀, ohùn á sì wálẹ̀. Le àti dẹ̀ níhìn-ín kò sọ ti irú awọ náà. Ìwọ̀n ipá tó ń fà á lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a fi "le" sí nínú ẹ̀kọ́ ipá, ní ìdojúkọ dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bá líle tí a ti fi fún ànímọ́ kìíní jà. Ìjà náà kò tíì parí, ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni a ó sì ti mọ èyí tí yóò borí.

Ibi tí èdè-ìperí dúró sí

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Ìwé tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1989 jẹ́rìí pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí yìí lágbára, a sì ti ń tọ́ka sí i títí di òní. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ìwé kẹfà ni ó dúró sí. Ẹ̀kọ́ nípa gígan ohun èlò wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1984, ni ó fún àwọn olùkọ́ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹ̀dá èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Láìsí i, ìwé ìròyìn bí irú èyí ìbá ṣòro kọ. Físíìsì kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí a retí pé kí ó wà níbẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ náà fún físíìsì ní láti mọ̀ pé ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ fún gírámà kò ní ṣiṣẹ́ tán níhìn-ín. Onímọ̀ gírámà lè jókòó kí ó yẹ gbólóhùn wò, nítorí pé èdè fúnra rẹ̀ ni ohun tó ń yẹ̀ wò. Ẹni tó ń wá orúkọ fún gígan gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ pákó.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé ìkàwé nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó máa jẹ́ èdè ìkọ́ni. Lára ohun tí àwọn alátakò èdè abínibí máa ń sọ ni pé kò ní ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ Yorùbá ń fún wọn sábà máa ń jẹ́ ti àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ṣẹ̀dá, èyí tí olùkọ́ físíìsì kò tíì gbọ́ rí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè lò. Ìdáhùn tó lágbára jù ni kí a ka ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ní Òdìgbó sọ láàrin wákàtí kan tó fi ṣe àyẹ̀wò afárá: iye ìgbà tó sọ pé ó tẹ̀, ó gan, ó yi, ó dẹ̀, ó rọ́, ó kán, ohun tó ń wò nígbà tó sọ ọ́, àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba owó ńlá. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wà lórí fóònù. Ohun tó gbà ni kí ẹni tó mọ èdè àti ẹni tó mọ físíìsì jókòó nínú kíláàsì kan náà, kí ti àkọ́kọ́ má tètè tún ọmọ náà sọ, kí ti kejì má sì bínú nígbà tí ọmọ náà bá sọ pé agbára ni ó mú pákó wọlẹ̀. Kí ó kàn bi í pé agbára ta ni, ó kan kí ni, ní ibo. Bí ó bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, ipá ni ó ti ń sọ, orúkọ yòówù kí ó pè é, ọ̀rá omi kejì sì lè gun orí pákó.